Òpó Tó Dúró Lórí Ẹrẹ̀

Wòlíì Òjò ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò sì sọ àsọtẹ́lẹ̀ kankan rí láyé rẹ̀. Òjò tó ti rọ̀ tán ni iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kúárì tí wọ́n ń fọ́ òkúta lórí òkè ló sọ ọ́ lórúkọ yìí, nítorí pé láràárọ̀ ni wọ́n máa ń bá a lẹ́yìn ọ́fíìsì, níbi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí níwájú ife ike gígùn kan tí wọ́n kàn mọ́ igi, tó ń ka ìlà tí omi òjò dé nínú rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé mímọ́.

"Wòlíì, kí ni Olúwa wí lónìí?" ni wọ́n á kígbe láti orí ọkọ̀.

"Ó ní kẹ́ ẹ ra ọṣẹ, òórùn yín ti dé ọ̀run," ni òun náà á dá wọn lóhùn.

Awakọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Òkúta ló ń fi ọkọ̀ kó, títí di ọjọ́ tí àpáta kan ya lára ògiri kòtò tó sì bá a ní itan. Egungun náà jiná, ṣùgbọ́n kò jiná dáadáa. Láti ìgbà náà ló ti ń rìn bí ẹni ń wọn ilẹ̀. Máníjà kò lé e. Ó ní òun rí ìwé tó kọ ránṣẹ́ láti ọsibítù, pé ìkọ̀wé rẹ̀ gún ju ti akọ̀wé lọ, ó sì gbé ìwé ńlá ẹlẹ́yìn dúdú kan lé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù ti wọ ilé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tètè mọ̀ ọ́n ní ìbẹ̀rù. Iṣẹ́ ló rò pé òun rí.

Ìdí tí ìwé náà fi wà nìyí. Ìjọba kì í jẹ́ kí ibi ìwakùsà, tàbí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ńláńlá, da àgbàrá òjò rẹ̀ síta bó ṣe wù ú. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti tú, òjò á kó o di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á wọ odò, á pa ẹja, á dí gọ́tà, á sì wọlé tọ àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀. Kúárì náà gba ìwé àṣẹ àgbàrá kí wọ́n tó jẹ́ kó fọ́ òkúta ẹyọ kan. Wọ́n fi wáyà so ìwé náà mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Òfin inú rẹ̀ kò le. Kí gbogbo omi orí òkè wọ inú adágún kan, kó dúró níbẹ̀ títí yóò fi tòrò, kó tó gba ẹnu páìpù jáde lọ sódò. Kí òpó kan onílà pupa dúró nínú adágún náà, kí ìdí rẹ̀ kan ìsàlẹ̀ pátápátá, kí wọ́n lè máa fi mọ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣe ga tó; bó bá ti kan ìlà pupa, kí wọ́n gbé katapílà wá kó o kúrò. Kí ẹnì kan yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àti lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Kí ẹni náà kọ ohun tó fojú rí, kó sì fọwọ́ sí i.

Ẹni náà ni Wòlíì Òjò.

Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Bí òjò bá dún lójú oorun rẹ̀, á ta jí, ìyàwó rẹ̀ á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ológbò lòun fẹ́, òun kò mọ̀. Kì í dáhùn. Ẹni tó bá da omi síwájú a tẹ ilẹ̀ tútù. Òun gbà pé omi tútù lòun ń dà síwájú.

Òpó náà ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọkùnrin tín-ín-rín tó ń wa katapílà, ń tún ọ̀nà orí bèbè adágún ṣe. Ó yí ẹ̀rọ rẹ̀ padà láìwẹ̀yìn, apá katapílà sì gbá òpó náà, ó léfòó sórí omi bí ìgò òfìfo. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó sáré tọ Wòlíì Òjò lọ.

"Wòlíì, jọ̀ọ́. Ìwé ìkìlọ̀ méjì ló ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀kẹta, ilé ni."

"Ta ló ní kó o máa wa katapílà bí ẹni ń jó?"

"Jọ̀ọ́ náà ni mò ń wí."

Ẹrẹ̀ inú adágún náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà pupa lákòókò náà. Láti ri òpó padà dé ìsàlẹ̀ gan-an, wọn yóò ní láti fa omi, kí wọ́n sì kó ẹrẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ méjì tí Máníjà kò ní ṣàìbéèrè ìdí rẹ̀. Wòlíì Òjò dúró lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sójú omi, ó gbé òpó náà sọ́wọ́, ó tì í wọ inú omi títí tó fi le. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ìsàlẹ̀ ló kàn. Ọwọ́ rẹ̀ sọ fún un: ìsàlẹ̀ máa ń dún kọ̀, ẹrẹ̀ máa ń dákẹ́. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé bí omi bá fà, òun á tún un ṣe.

Kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ tí obìnrin kan láti ọ́fíìsì omi ti ìjọba fi dé, pẹ̀lú bàtà òjò àti ìwé lábíyá. Ó wo òpó náà, ó rí i pé ẹrẹ̀ kò tilẹ̀ dé àtẹ́lẹwọ́ kan lára rẹ̀. Ó ní bí gbogbo ibi iṣẹ́ bá rí báyìí, iṣẹ́ òun ì bá rọrùn. Máníjà gbá Wòlíì Òjò lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Láti ọjọ́ náà, iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Òpó náà fúyẹ́, bí ẹrẹ̀ ṣe ń ga ló ń gbé e sókè. Ọjọ́ Ajé méjìlá ló fi kọ ọ́ sínú ìwé pé àyè pọ̀ nínú adágún, ọjọ́ Ajé méjìlá ló fi fọwọ́ sí i, ìkọ̀wé rẹ̀ sì ń gún sí i bí irọ́ náà ṣe ń pọ̀ sí i.

Ẹni àkọ́kọ́ tó fura kò mọ̀ pé òun fura. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, alágbàfọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Funfun. Ilé karùn-ún láti ibi afárá ni tirẹ̀, nísàlẹ̀ adágún gan-an, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ sí odò tó ti ń pọn omi ìfọṣọ. Obìnrin yìí ló pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wọn kú, tí òun alára kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ.

"Àbúrò, ọṣẹ ayé yìí ti bàjẹ́," ló sọ fún un lọ́jọ́ Àìkú kan, ó na àwọtẹ́lẹ̀ kan sí oòrùn. "Wò ó. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tún pọ́n."

"Ọṣẹ ni, ẹ̀gbọ́n mi," ni Wòlíì Òjò wí, kò sì lè jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀ kan ni ọ̀ràn bọ́ sójútáyé. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì tẹ̀lé ara wọn, adágún ti kún dáadáa. Ní agogo méjì ọ̀sán ni ojú ọ̀run lókè lọ́hùn-ún ṣú dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, afẹ́fẹ́ dákẹ́, àwọn ẹyẹ tó máa ń pariwo lórí ẹ̀rọ ìfọ́kúta sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí wọ́n pè. Wòlíì Òjò jáde lọ dúró ti ife ike.

Nígbà tí òjò náà dé, kò rọ̀ bí òjò, ó dà. Láàárín wákàtí kan, ife ike kún, ó dà á nù, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún kún. Nínú ìwé àṣẹ, ìlà mẹ́fà ni wọ́n pè ní òjò ńlá. Ó ti kọjá ogún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó mú ọparun gígùn kan tí wọ́n fi ń gbé wáyà, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọn ilẹ̀ gun bèbè adágún.

Omi kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ mọ́ sí ẹnu bèbè. Ó ki ọparun bọ̀ ọ́. Ó yẹ kó wọlé ju bí òun ṣe ga lọ. Kò wọlé dé igbọ̀nwọ́ tó fi kan ohun kan tó rọ̀, tó nípọn, tó sì dákẹ́. Ó fà á yọ, ó tún fi gún ibòmíràn. Bákan náà. Lábẹ́ omi tín-ín-rín yẹn, ẹrẹ̀ ni gbogbo adágún, bí ìkòkò tí ẹ̀kọ ti dì nínú rẹ̀. Láàárín rẹ̀ ni òpó onílà pupa dúró sí, ó ga gọgọrọ, kò mọ nǹkan kan.

Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà tó kọjú sí àfonífojì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara bèbè. Amọ̀ náà ń làágùn. Ní ibì kan, omi pupa tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ ti ń yọ jáde láìdúró, ibi tó ti ń yọ sì ń fẹ̀ lójú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó ń wo òrùlé mọ́kànlá nísàlẹ̀. Ó ka ìkarùn-ún. Ó fa fóònù yọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jáde nínú ilé."

"Ẹ kú òjò là ń kí èèyàn ná. Ṣé o ti jẹun?"

"Ẹ jáde! Ẹ gòkè lọ sí ọgbà ilé ìwé."

"Nínú òjò yìí? Pẹ̀lú orúnkún mi yìí? Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ wà lórí ìkọ́, kóòtù dókítà mẹ́fà wà nínú agbọ̀n. Ta ni kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún?"

"Ẹ fi aṣọ sílẹ̀!"

"Aṣọ oníaṣọ?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyẹn? Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Èmi ò gbà fún un. Lọ jẹun."

Fóònù dákẹ́. Ó tún un pè, kò lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Bí wọ́n bá gé bèbè ní ìhà kejì, omi á ya sínú kòtò kúárì fúnra rẹ̀, níbi tí kò sí èèyàn. Ṣùgbọ́n inú kòtò náà ni ẹ̀rọ ìfami tuntun wà, àti katapílà kejì tí wọ́n tú ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe. Kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀ àfi Máníjà.

Máníjà jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó ń lá súìtì, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ bíi mẹ́jọ ti sá wọ ọ́fíìsì, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà nínú wọn. Òjò ń lu páànù tó bẹ́ẹ̀ tí Wòlíì Òjò fi ní láti kígbe.

"Sà, ẹ jẹ́ ká gé bèbè sínú kòtò. Adágún fẹ́ ya."

Súìtì dún mọ́ eyín Máníjà. "Ya báwo? Ẹrẹ̀ ò tíì dé ìdajì." Ó ṣí ìwé ẹlẹ́yìn dúdú, ó fi ìka wá a, ó sì kà á sókè: "'Ẹrẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ lára òpó. Àyè pọ̀.' Ọjọ́ Ajé tó kọjá. Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Ó dáa. Wòlíì, jókòó, òjò ń dẹ́rù bà ẹ́ ni." Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Òpó tó gbìn ti wá ń jẹ́rìí takò ó. Ó ṣì lè sọ pé òun ṣìṣe lọ́jọ́ Ajé náà nìkan; ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti dé ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ díẹ̀, díẹ̀ ni wọ́n máa gbà gbọ́, díẹ̀ kò sì lè gé bèbè. Ó rí ẹ̀wọ̀n, ó rí ilé rẹ̀, ó rí ojú ìyàwó rẹ̀. Ó tún rí òrùlé karùn-ún.

"Irọ́ ni, sà."

Súìtì dákẹ́. "Kí ni irọ́?"

"Ìwé yẹn. Òpó ò kan ìsàlẹ̀. Orí ẹrẹ̀ ni mo gbé e dúró lé lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Èmi náà ni mo ṣe é. Ẹ̀ẹ̀méjìlá ni mo fọwọ́ sí i."

Máníjà ń ṣí ojú ìwé náà padà sẹ́yìn, láti ọjọ́ Ajé kan dé òmíràn.

"Bó bá jẹ́ pé irọ́ lo pa lọ́jọ́ Ajé," ló wí jẹ́ẹ́, "kí ló máa jẹ́ kí n gbà pé òótọ́ lò ń sọ lọ́jọ́bọ̀?"

Òtítọ́ tí Wòlíì Òjò fi pamọ́ fún oṣù mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rí ẹni tó máa gbà á.

"Èmi ni mo gbá òpó náà, sà."

Gbogbo wọn yíjú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Ó ti ṣí fìlà rẹ̀, omi ń kán láti ara rẹ̀ sílẹ̀. "Mo fi apá katapílà gbá a. Wòlíì fi bò mí láṣìírí ni. Ẹ̀rù ìwé ìkìlọ̀ kẹta ló bà mí."

Máníjà wo èkíní, ó wo èkejì. "Ilé mélòó ló wà nísàlẹ̀ yẹn?"

"Mọ́kànlá, sà. Ìkarùn-ún ni ti ẹ̀gbọ́n mi."

Máníjà fọ́ súìtì kẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí Wòlíì Òjò kò lè gbàgbé láéláé: ó ti ìwé náà sí i lórí tábìlì, ó fi bírò lé e. "Kọ ohun tó o sọ yẹn ná. Kọ aago sí i. Fọwọ́ sí i. Ká tó gé e."

"Sà, omi ò ní dúró de..."

"Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Omi láti apá aṣọ rẹ̀ ń kán sórí ìwé, àwọ̀ bírò sì ń tàn ká. Ìlà mẹ́rin péré ni, ó dà bí odindi ọdún. Nígbà tó fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó lè mọ orúkọ tó wà níbẹ̀.

"Ẹ gé e," ni Máníjà wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Katapílà wúwo ju ilé kékeré lọ, orí bèbè tó ń làágùn ló sì ní láti gbà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gun orí rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kó lè fò jáde. Wòlíì Òjò ló ń lọ níwájú nínú òjò, ó ń fi ọparun gún ilẹ̀, ó ń na ọwọ́: wá, dúró, yà síbí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilẹ̀ mì lábẹ́ wọn. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kígbe láti òkè pé, "Wòlíì, bí mo bá kú, sọ fún wọn pé mi ò jó rárá lónìí o!" Wòlíì Òjò rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì ya òun alára lẹ́nu.

Apá katapílà wọ inú amọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Omi kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé kò rí ọ̀nà náà, ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè, ó sì ya wọ kòtò pẹ̀lú ariwo tí a lè gbọ́ nínú àyà. Ẹ̀rọ ìfami tuntun lọ, katapílà kejì lọ. Bí adágún ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ègé bèbè kan tó tó ilẹ̀kùn méjì já ní ìhà àfonífojì, ẹrẹ̀ pupa sì ṣàn lọ sísàlẹ̀, sí ìhà ilé mọ́kànlá náà.

Wòlíì Òjò kò dúró wò ó tán. Kò mọ bí ẹsẹ̀ burúkú náà ṣe gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu ọ̀nà ilé karùn-ún ti ṣí sílẹ̀, omi pupa nínú yàrá dé agbede ojúgun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí tábìlì ìlọṣọ, agbọ̀n kóòtù wà lórí itan rẹ̀, aṣọ ìgbéyàwó sì wà ní ọrùn rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbé kọ́.

"Ta ló ní kó o wọlé tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀?" ló wí.

Ó gbá ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú nínú omi, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, òpó, ìwé, ọjọ́ Ajé méjìlá. Obìnrin náà kò gbá a, kò sì gbá a mọ́ra.

"Oṣù mẹ́ta," ló wí nígbẹ̀yìn. "Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bú ọlọ́ṣẹ."

Òfin ní kí wọ́n fi tó ọ́fíìsì omi létí kí ọjọ́ kan tó pé. Wòlíì Òjò fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Obìnrin bàtà òjò yẹn ló gbé fóònù, kò sì sọ púpọ̀. Kó máa bọ̀ ní ọ́fíìsì wọn ní agogo méjì. Kó mú ìwé dání. Kó mú òpó dání.

Òpó náà rọrùn láti fà yọ, bí eyín ọmọdé. Àbààwọ́n ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Kò purọ́, ohun tí wọ́n gbé e lé ló wọ̀n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan sílẹ̀ fún un. Omi ti dé ara ìyẹn náà níbi tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn àga. Ìlà pupa kan yí etí rẹ̀ ká nísàlẹ̀, kò lọ bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́ tó.

"Tì í bọ ṣòkòtò," ni Ìyá Funfun wí, kò wo ojú rẹ̀. "Wọn ò ní rí i."

Ó gbé òpó lé èjìká, ìwé wà lábíyá, ó sì gba ojú ọ̀nà àfonífojì. Ọ̀nà mìíràn wà. Kò gbà á. Àwọn èèyàn ń gbọ́n ẹrẹ̀ jáde nínú ilé, àwọn bẹ́ẹ̀dì wà níta, ojú ọ̀run sì tún ti ń ṣú lọ́hùn-ún.

"Wòlíì," ni ìyá àgbà kan ké sí i láti ilé kejì, ó di ìgbálẹ̀ mú, "kí lo rù yẹn?"

Ó lè sọ pé igi ni. Ó dúró. Ó sọ òpó náà kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ìyá náà, ó sì fi ìka kan ìlà pupa.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí, "ẹ pe àwọn ará ilé. N kò fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."